Ẹni Tó Ṣubú Lọ́wọ́ Mi

Modúpẹ́ ni orúkọ mi. Ọmọ Iléṣà ni mí, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń lọ bá àwọn èèyàn nílé, mo sì máa ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá: àwọn tí dókítà ní kí wọ́n dín sísanra kù, àwọn tí orúnkún ń dùn, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Kóòṣì ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò mi ti rí i pé iṣẹ́ yìí ti di iṣẹ́ ńlá báyìí, wọ́n sì máa ń wá bi mí bóyá ó dára kí àwọn náà ṣe é. Iye tó ń wọlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó tó jẹun, ó sì tó rán ọmọ mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ ohun tí wọn kò béèrè, pé ẹ̀rù wà nínú iṣẹ́ náà, àti pé wọn kì í fi ìyẹn hàn nínú fídíò tí wọ́n ń wò lórí fóònù.

Ọwọ́ ọkùnrin kan tí gbogbo Iléṣà ń pè ní Sájẹ́ǹtì ni mo ti kọ́ ọ. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun bí wọ́n ṣe ń sáré, bí wọ́n ṣe ń gun ògiri. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíráma, èmi ni mo máa ń ju òkò irin fún ilé ẹ̀kọ́ wa, ibẹ̀ ló ti rí mi tó ní kí n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Bàbá mi, tó jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò fẹ́ ẹ. Kò yé e bí obìnrin ṣe máa wọ ṣòkòtò máa sáré lójú títì, kó sì pe ìyẹn ní iṣẹ́. Ìyá mi ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo wọ ilé Sájẹ́ǹtì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún tí wọ́n ń pè ní náíńtíìsì.

Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ibi iṣẹ́. Irin gbọọrọ kan tó yọ lára mọ́tò tó ti bàjẹ́ ló wà níbẹ̀. Ó ti da símẹ́ńtì sínú agolo ọ̀dà méjì, ó sì ti ki orí irin náà bọ̀ wọ́n lọ́tùn-ún lósì. Okùn fífò wà, bẹ́ǹṣì pákó kan wà, kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún oṣù mẹ́fà, n kò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. Òwúrọ̀ kùtù ni Sájẹ́ǹtì máa ń mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó gun òkè, á ní kí n mú ẹnì kan nínú àwọn tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, kí n sì sọ ibi tí onítọ̀hún máa dúró láti mí. Bí mo bá sọ ọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀, á ní kí n mú ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Mo ń wo èjìká, mo ń wo àwọ̀ ètè, mo ń wo bí èèyàn ṣe ń fi ọwọ́ ti itan bó bá ń gòkè.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan iṣan ọrùn ọwọ́. Ó fún mi ní aago kan tó ní ọwọ́ tín-ín-rín tó ń sáré yíká, ó ní kí n máa fi ka bí ọkàn èèyàn ṣe ń lù. Ní ọjọ́ kan, ó sáré yí ilé ká, ó na ọwọ́ sí mi. Àwọn tó wá ṣe ìdárayá lọ́dọ̀ rẹ̀ ń dúró dè wá lẹ́yìn, ojú sì ń kán mi. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo wo aago díẹ̀, mo sọ iye kan.

Ó bi mí pé, “O kà á, àbí o rò ó?”

Mo ní mo kà á.

Kò pariwo. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kí n máa lọ sílé, kí n má padà wá títí ọ̀sẹ̀ méjì á fi pé. “Irọ́ tó o pa yẹn,” ló wí, “èèyàn lè kú sínú ẹ̀.”

Mo rò pé ó ti le jù. Mo sunkún dé ilé. Nígbà tí mo padà, ó kọ́ mi ní òfin rẹ̀ tó ga jù lọ: ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ dókítà kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ àlejò láti òkè òkun. Ó lé àwọn èèyàn pàtàkì padà lẹ́nu ọ̀nà lójú mi. Àwọn kan bú u, wọn kò sì padà wá mọ́. Kò wò wọ́n lẹ́yìn.

Mo lo ọdún méjì àtààbọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó wá sí Òṣogbo láti Ìbàdàn, wọ́n ń fi gbogbo ọjọ́ jókòó sí ọ́fíìsì, ikùn wọn sì ń yọ. Mo gba yàrá kan ní Òkè-Fìà. Oníbàárà kan sọ fún èkejì, títí mo fi ní èèyàn bíi mẹ́jọ tí mò ń lọ bá láàárín ọ̀sẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Oyèdélé ti bá mi. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ìbẹ̀rù ló gbé e wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ka ìwé, tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ti ṣubú kú nínú balùwẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Láti ìgbà náà, kò lè sùn dáadáa. Ó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Mo béèrè ìwé dókítà. Ó ní òun á lọ ní Ọjọ́bọ̀, pé òun kò lè dúró dìgbà náà láìṣe nǹkan kan. Ó ní òun gbá bọ́ọ̀lù dáadáa nígbà èwe òun, pé gbogbo Sátidé ni òun ṣì ń lọ sóko. Mo wò ó. Ikùn rẹ̀ kò yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí igi. Bó ṣe ń bẹ̀ mí, àánú rẹ̀ ṣe mí, èmi náà kò sì fẹ́ kó lọ bá ẹlòmíràn. Mo ní ó dáa, ká máa rìn díẹ̀, ká máa sáré díẹ̀.

Ọjọ́ kìíní lọ dáadáa. Ọjọ́ kejì lọ dáadáa. Ní ọjọ́ kẹta, a wà ní pápá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó dé. Ó sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, mo sì ní kó fi ẹyọ kan kún un. Nígbà tó dé ìdajì, mo rí i tó fi ọwọ́ di àgbọ̀n rẹ̀ mú. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní àgbọ̀n ń dun òun bí ẹni pé òun gé eyín mọ́ òkúta. Mo rò pé eyín ni. Ó rìn díẹ̀, ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà, ó sì da ojú bolẹ̀.

Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo yí i padà. Òógùn bò ó, ara rẹ̀ sì tutù. Ó ń mí bí ẹni tó ń hanrun. Mo wá ọrùn ọwọ́ rẹ̀, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà mo rí i, ó ń lù, ó ń dúró, ó ń lù. Mo gbà pé mo ti pa èèyàn.

Àkókò tí epo bẹntiróòlù wọ́n ni. Àwọn ọkọ̀ tò sí ilé epo láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo sáré bọ́ sí títì, mo ń ju ọwọ́ sókè. Ọlọ́kadà méjì dúró, wọ́n wo inú pápá, wọ́n ní àwọn ò gbé òkú. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan ló wá yọ, iṣu ló kún ẹ̀yìn rẹ̀. Àgbẹ̀ kan láti Ìmẹ̀sí-Ilé ló ń wà á, ó ń gbé iṣu lọ sọ́jà. Kò béèrè ẹni tí mo jẹ́. Ó bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da iṣu sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà títí àyè fi wà, a sì gbé Ọ̀gá Oyèdélé sí i. Mo jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀ náà, mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi dé ọsibítù. N kò lè kà á. Mo kàn ń bẹ iṣan náà pé kó má dákẹ́.

Kò kú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ó mọ̀, ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi rárá. Bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan péré, wọn ì bá ti rí i. Ìyàwó rẹ̀ bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Mo ti ń múra sílẹ̀ fún èébú, kódà mo ń fẹ́ kó bú mi. Ìbéèrè kan ló bi mí.

“Dókítà wo ló ní kó máa sáré?”

Ó dúró díẹ̀, ó sì wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ọsibítù, kò sì lè padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ọdún méje ni mo fi gba ọ̀nà mìíràn kí n má bàa kọjá níwájú ilé wọn. Lẹ́yìn náà, èmi àti ìyàwó rẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan nínú ọjà. Ó kí mi, mo kí i. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi ní Òkè-Fìà, mo padà sí Iléṣà. Bí mo bá ti rí ẹni tó ń sáré lójú títì, màá yíjú sí ibòmíràn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó lè lọ kí Sájẹ́ǹtì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ìkankan pa mọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ọmọ ogun tuntun kan ti kú lọ́wọ́ òun rí. Ọmọkùnrin náà sọ fún un pé ara òun ò yá, Sájẹ́ǹtì rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é, ó ní kó sáré nínú oòrùn. Ìdí nìyẹn tó fi ń béèrè ìwé dókítà.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí.

“Ẹ̀rù bà mí pé o máa kó ẹrù ẹ lọ,” ni ó wí. Ó ní bí mo bá fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, kí n padà. Bí n kò bá fẹ́, kò sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí mo bá padà, ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, kí n sọ fún un.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni mo padà sí Òṣogbo. Ẹni àkọ́kọ́ tó ránṣẹ́ pè mí ni Àlhájà Ráfátù, tó ń ta àwo àti ìkòkò tánganran ní ìgboro àtijọ́. Obìnrin tó sanra ni, ó gbajúmọ̀, ó sì lówó lọ́wọ́. Dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, kó lo oògùn, kó sì wá ẹni tó máa kọ́ ọ ní ìdárayá. Ó pẹ́ kó tó pinnu. Ìyá rẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ti kọ lù tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́rin gbáko ni Àlhájà fi ń wẹ̀ fún un, tó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ẹ̀rù ohun tó ṣe ìyá rẹ̀ ń bà á, ẹ̀rù ìdárayá náà sì ń bà á.

Èmi nìkan kọ́ ló pè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wá ṣáájú mi, àyà rẹ̀ fẹ̀, apá rẹ̀ kún, ó mú fọ́tò ara rẹ̀ dání níbi tó ti gba ife ìdíje. Ó ní kí Àlhájà fún òun ní oṣù méjì, pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní dá a mọ̀ mọ́. Nígbà tó kàn mí, Àlhájà mú mi jókòó ní pálọ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi wá, ó ní kí n sọ ohun tí mo máa ṣe fún òun. Mo ní mo máa kọ́kọ́ ka ìwé dókítà, mo máa lọ rí dókítà náà fúnra mi, lẹ́yìn náà a máa rìn, ìrìn nìkan, fún oṣù kan.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun ti mọ ìrìn láti kékeré, ṣé ìyẹn náà ni òun á tún máa sanwó fún. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ yí padà.

“Dúpẹ́, ṣé ẹnì kan ti ṣubú lọ́wọ́ ẹ rí?”

Mo mọ̀ pé mo lè sọ pé rárá. N kò rò pé ó mọ Ọ̀gá Oyèdélé. Owó ilé mi ti tó san, kò sì sí oníbàárà mìíràn lójú mi. Mo gbé kọ́ọ̀bù omi náà sílẹ̀ nítorí pé ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, mo sì sọ fún un: bó ṣe wá bá mi, ìwé tí n kò gbà, àgbọ̀n tí mo pè ní eyín, iṣu tí wọ́n dà sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní mo lè máa lọ. Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé, mo gbà pé ó ti parí.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó rán ọmọ rẹ̀ obìnrin sí mi pé kí n wá bẹ̀rẹ̀. Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó lè bi í pé kí ló rí tó fi mú mi.

Ó ní, “Mo bi ọmọkùnrin yẹn ní ìbéèrè kan náà. Ó ní kò sẹ́ni tó ṣubú lọ́wọ́ òun rí, kò sì sẹ́ni tó máa ṣubú. Àyà mi já. Ìwọ, mo rí i pé ẹ̀rù tó ń bà mí ló ń ba ìwọ náà.”

A rìn. A rìn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ìkóríta, lẹ́yìn náà a kọjá ìkóríta. Oṣù karùn-ún, aṣọ rẹ̀ ti ń ṣò ó lára, ó ń gun àtẹ̀gùn ìsọ̀ rẹ̀ láìdúró, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé, àlùhàmúdùlílàì, ara òun ti yá. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a lórí àga, ó ti wọ bàtà rẹ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, kò le. Mo mú ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó jókòó láìṣe nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ sì ń sáré bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní a kò ní rìn, ọsibítù là ń lọ. Inú bí i. Ó ní ẹrù òun ń bọ̀ láti Èkó láàárọ̀ yẹn, pé òun kò ráyè ọsibítù, orí fífọ́ lásán ni. Mo bi í nípa oògùn rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti dá a dúró, ó ní níwọ̀n ìgbà tí ìrìn ti wo òun sàn, kí ni òun tún fẹ́ fi oògùn ṣe.

Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n kúrò níbẹ̀, n kò kúrò. Ó ní òun ló gbà mí síṣẹ́, òun ló sì lè dá mi dúró.

Mo ní, “Àlhájà, ẹ dá mi dúró lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rí dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

N kò mọ ohun tó rí lójú mi. Ó dìde, ó wé gèlè rẹ̀, a sì jọ lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọ̀n, ó sì yára jáde lọ pe dókítà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dá a dúró síbẹ̀. Dókítà sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ohun tó ṣe ìyá àgbà kò jìnnà sí ìyá rẹ̀ mọ́ láàárọ̀ yẹn. Gbogbo ọjọ́ mẹ́ta náà, mò ń jókòó sí ìta yàrá rẹ̀, ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, kò pè mí wọlé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó délé ló ránṣẹ́ sí mi. Mo bá a lórí ẹní ìkírun rẹ̀. Ó ti to oògùn rẹ̀ sínú àwo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tù àlùwàlá, kó lè máa rí i láràárọ̀. Kò mẹ́nu ba ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní dókítà ti ní kí òun máa rìn díẹ̀díẹ̀, ó na ìwé náà sí mi kí n kà á, ó sì ní kí n bá òun mú bàtà.

A jọ rìn fún ọdún mọ́kànlá.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Aago ọwọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ róbà rẹ̀, tí wọ́n á sì ki nǹkan bọ etí. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé láti òkè òkun, àwọn obìnrin tín-ín-rín ń fò nínú wọn, àwọn oníbàárà mi sì ní kí n máa bá àwọn fò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí èèyàn ń sáré lórí rẹ̀ láìkúrò lójú kan, àti àwọn ilé ìdárayá tó ní dígí lára gbogbo ògiri. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ràn òmíràn nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí n tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni láàárọ̀, inú mi á kọ́kọ́ lọ́, bí ìgbà tí mo wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù yẹn. Mo gbàdúrà púpọ̀ pé kó kúrò lára mi.

Ó kúrò. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì wá bá mi ní ilé ìdárayá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ẹni tí n kò rí rí. Mo kí i, mo bá a ṣàwàdà, mo gbé e sórí ẹ̀rọ, ó sáré, ó làágùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ sílé. Ibi tí mo ti ń nu ẹ̀rọ náà ni mo tó rántí pé n kò mú ọrùn ọwọ́ rẹ̀, n kò béèrè ìwé, n kò bi í léèrè nǹkan kan. Inú mi kò lọ́ kó tó wọlé. Kò lọ́ nígbà tó ń sáré.

Nǹkan kan kò ṣe ọkùnrin náà. Mo lọ sí báńkì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti fojú ara mi rí i, mo ní kó lọ rí dókítà kó tó padà wá. Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ bá ọ̀gá ilé ìdárayá náà, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, mo sì sọ fún un pé ẹ̀rù kò bà mí mọ́, pé mo ti ṣe iṣẹ́ náà tán.